Àlejò Lè Jó, Ṣùgbọ́n Ta Ni Yóò Gbé Àsíà? Bí Ọjọ́ Orílẹ̀-èdè Ṣe Ń Rí ní Abúlé Ilẹ̀ Gíríìsì

Tó bá ti di ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, agbára káká ni ẹ ó fi rí abúlé kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, bó ti wù kó kéré tó, tí kò ní ta àsíà aláwọ̀ búlúù àti funfun sójú ọ̀nà. Láàárọ̀, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á dún. Bí wọ́n bá jáde nínú ìsìn, gbogbo ìlú á wọ́ lọ sídìí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ abúlé tó kú sógun sí. Wọ́n á gbé òdòdó síbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé á ké ewì, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yan, ìyẹn ohun tí àwa níbí mọ̀ sí défilé. Ọmọ tó wà níwájú ló ń gbé àsíà.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo èrò tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà yóò rí i pé kì í ṣe ọmọ Gíríìsì nìkan ló wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ra ilé sí abúlé náà, ń ya fọ́tò. Ará Albania tó ń bá wọn kórè ólífì mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ dání. Ní àwọn agbègbè oko ńlá, ẹ ó rí ará Bangladesh àti Pakistan pẹ̀lú. Gbogbo wọn á jọ pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa lé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ àsíà tó wà níwájú yẹn ló ti dá ìjà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òun la fẹ́ sọ lónìí, torí pé orúkọ Yorùbá kan wà nínú ìtàn náà.

Ọjọ́ orílẹ̀-èdè méjì ni wọ́n ní. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni wọ́n fi ń rántí ogun òmìnira tí wọ́n gbé dìde ní ọdún 1821 láti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba àwọn Tọ́kì, tó ti jẹ gàba lé wọn lórí fún nǹkan bí 400 ọdún. Ọjọ́ kejì ni 28 oṣù Kẹwàá. Ní òru ọjọ́ náà ní ọdún 1940, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, aṣojú ìjọba Ítálì lọ kan ilẹ̀kùn ilé Ioannis Metaxas, olórí ìjọba Gíríìsì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun Mussolini wọlé. Metaxas kọ̀. Èdè Faransé ni àwọn méjèèjì fi sọ̀rọ̀, ohun tó sì fi dáhùn ni pé «Alors, c'est la guerre», ìyẹn ni pé ogun ti dé nìyẹn. Àwọn ará ìlú sọ ìdáhùn náà di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní èdè tiwọn, «Óxi», tó túmọ̀ sí «Rárá», òun ni wọ́n sì fi ń pe ọjọ́ náà títí dòní. Apàṣẹwàá ni Metaxas fúnra rẹ̀, kì í ṣe òun ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Ìdáhùn yẹn ni.

Oúnjẹ ọjọ́ 25 oṣù Kẹta yẹ kí àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja gbígbẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Inú ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni ọjọ́ náà máa ń bọ́ sí, ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kì í sì í jẹ ẹran tàbí ẹja nínú ààwẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yìí kan náà ni ìjọ fi ń rántí ìgbà tí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì mú ìròyìn tọ Màríà wá, nítorí náà wọ́n gba ẹja láàyè. Abúlé orí òkè jìnnà sí òkun, ẹja tútù kò lè débẹ̀ láìbàjẹ́ láyé ọjọ́un. Ẹja tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí, tí wọ́n sì ti sá gbẹ, tí ọkọ̀ ń kó wá láti òkun àríwá Yúróòpù, ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí iyọ̀ á fi dín kù, wọ́n á fi ìyẹ̀fun bò ó, wọ́n á dín in. Wọ́n á wá gún aáyù pọ̀ mọ́ ọ̀dùnkún tàbí búrẹ́dì, wọ́n á da òróró ólífì sí i, wọ́n á fi jẹ ẹja náà. Ẹni tó bá mọ pánla kò ní ṣe àjèjì sí àwo yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aáyù inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ìdí oúnjẹ yìí ni àlejò ti ń bá wọn da ọwọ́ pọ̀. Bí yíyan bá parí, gbogbo èrò á kó lọ sí gbàgede àárín abúlé, níbi tí àwọn ilé oúnjẹ ti máa ń to àga síta. Àlejò tó bá dá jókòó, wọ́n lè gbé wáìnì síwájú rẹ̀ kó tó béèrè. Bí ijó bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á yí po. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi áńkáṣíìfù dá àrà, ìdí òtò ni ẹni tí kò mọ ijó náà ti ń bá wọn wọlé. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ àlejò á fi mọ ọ̀nà.

Èdè Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ kan, xénos. Àwa Yorùbá ya àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára àjèjì. Àlejò ni à ń bù omi fún, àjèjì ni à ń wò lókè wò nílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jẹ́ méjèèjì. Ẹni tó jókòó nídìí wáìnì lónìí, xénos ni. Ẹni tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan àsíà lọ́la, xénos náà ni.

Àwọn àlejò kan wà tí kì í ṣòro gbà. Ní Kardamyli, abúlé etíkun kan ní ilẹ̀ Mani, níbi tí Theodoros Kolokotronis, ọ̀gágun ńlá ogun 1821, ti wà kí wọ́n tó lọ gba ìlú Kalamata, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Patrick Leigh Fermor kọ́lé síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Òǹkọ̀wé ni. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó bá àwọn ará erékùṣù Kírétè ja ogun abẹ́lẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó jí ọ̀gágun Jámánì Heinrich Kreipe gbé ní ọdún 1944. Michalis, orúkọ tó ń jẹ́ lójú ogun, ni ọ̀pọ̀ ará Gíríìsì fi mọ̀ ọ́n títí ó fi kú ní 2011. Àwọn tó ń fẹ̀yìn tì síbẹ̀ lónìí kò ja ogun kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ń náwó, wọn kò bá ẹnikẹ́ni du iṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ọmọ ní ilé ìwé abúlé. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ àsíà ti lè kàn wọ́n.

Ti ará Albania kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba kọ́múnísì wó ní orílẹ̀-èdè wọn ní 1990 sí 1991, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn gba orí òkè kọjá ààlà sí Gíríìsì. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2011, àwọn ọmọ Albania tó wà níbẹ̀ lé ní 480,000, nínú orílẹ̀-èdè tí gbogbo èèyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 11. Àwọn ló ń gbọn ólífì, àwọn ló ń to òkúta ilé, àwọn obìnrin wọn ń tọ́jú arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Athens. Wọ́n kó ọmọ wá, wọ́n tún bí síbẹ̀. Ọmọ wọ̀nyí ń lọ sí ilé ìwé, wọ́n ń sọ Gíríìkì bí ọmọ onílé. Òfin ilé ìwé sì sọ pé ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá ga jù lọ ni yóò gbé àsíà lọ́jọ́ yíyan.

Ní ọdún 2000, ní Nea Michaniona, ìlú kékeré àwọn apẹja tí kò jìnnà sí Thessaloniki, ọmọkùnrin Albania kan ló gba ipò kìíní. A ò ní dárúkọ rẹ̀, ọmọdé ni nígbà náà. Òun ló yẹ kó gbé àsíà ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá. Àwọn òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ kan fárígá: wọ́n ní ẹni tí kì í ṣe ọmọ Gíríìsì kò lè gbé àsíà tí àwọn baba wọn kú fún. Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti abúlé, ó gba orí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo orílẹ̀-èdè ń jiyàn lé e. Ààrẹ ìgbà náà, Kostis Stephanopoulos, gbè sẹ́yìn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda àsíà fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 2003, ní ilé ìwé gíga, ó tún gba ipò kìíní. Ariwo tún sọ bí ti àkọ́kọ́, ó sì tún yọ̀ǹda rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìlú yìí. Ta ló dá Nea Michaniona sílẹ̀? «Nea» túmọ̀ sí tuntun. Michaniona àtijọ́ wà ní ilẹ̀ Tọ́kì. Lẹ́yìn tí ogun Gíríìsì àti Tọ́kì parí ní 1922, àdéhùn Lausanne ti 1923 sọ pé kí àwọn Kristẹni Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tó wà ní Tọ́kì kó lọ sí Gíríìsì, kí àwọn Mùsùlùmí tó wà ní Gíríìsì náà kó lọ sí Tọ́kì. Àwọn tó wọ Gíríìsì lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn ará Michaniona wà nínú wọn, wọ́n dé etíkun yìí, wọ́n sì fi orúkọ ìlú wọn sọ ibùdó tuntun. Àwọn onílẹ̀ kò fi ijó pàdé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ nígbà náà. «Irúgbìn Tọ́kì» ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ọmọ-ọmọ irú àwọn àtìpó báyìí ló wà nínú àwọn tó jiyàn pé ọmọ àtìpó kò gbọdọ̀ gbé àsíà. Lójú tiwa, ibí yìí ni ìtàn náà ti dun èèyàn jù.

Ẹ tún wo aṣọ tí wọ́n ń wọ̀. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹta, àwọn ọmọkùnrin máa ń ró yẹ̀rì funfun tí wọ́n ṣẹ́ po léraléra, wọ́n ń pè é ní fustanéla. Wọ́n máa ń sọ pé ìṣẹ́po rẹ̀ jẹ́ 400, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n lò lábẹ́ Tọ́kì. Àwọn ará Albania náà ń wọ yẹ̀rì yìí, aṣọ àbáláyé wọn ni. Laskarina Bouboulina, obìnrin tó fi ọkọ̀ ojú omi ja ogun láti erékùṣù Spetses, tí àwọn ọmọbìnrin máa ń múra bíi tirẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún, ìdílé Arvanite ló ti wá, bẹ́ẹ̀ náà ni Andreas Miaoulis, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ogun Hydra. Àwọn Arvanite jẹ́ Kristẹni Gíríìsì tó jẹ́ pé ẹ̀yà èdè Albania kan ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Bí Bouboulina bá jíǹde lónìí tó sì bá òṣìṣẹ́ tó ń gbọn ólífì pàdé lójú ọ̀nà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀.

Kódà nínú ogun náà, àjèjì pọ̀ níbẹ̀. Peta, abúlé kan lẹ́bàá ìlú Arta, ni wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn ní oṣù Keje 1822. Àwọn ọ̀dọ́ láti Jámánì, Ítálì, Faransé, Poland àti Switzerland ni, wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ wá bá Gíríìsì jà. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò padà sílé. Òkúta ìrántí wọn wà ní abúlé náà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 1824, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, Lord Byron, kú fún ibà ní Messolonghi lẹ́yìn tó ti ná owó ara rẹ̀ fún ogun wọn. Títí dòní, ẹ ó rí òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ìlú púpọ̀, wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọmọ ní Vyron. Ìjọba sì ti fi ọjọ́ ikú rẹ̀ ṣe ọjọ́ ìrántí àwọn àjèjì tó fẹ́ràn Gíríìsì.

Èyí tó kàn wá jù ni ti Haiti. Ní oṣù Kìíní 1822, nígbà tí àwọn ọba Yúróòpù ṣì ń yí ojú sẹ́yìn, Ààrẹ Jean-Pierre Boyer ti Haiti kọ lẹ́tà sí Adamantios Korais àti àwọn ọmọ Gíríìsì mìíràn tó wà ní Paris. Ó ní inú òun dùn sí ogun òmìnira wọn, àmọ́ orílẹ̀-èdè òun kò ní owó tí òun lè fi ránṣẹ́. Nítorí lẹ́tà yẹn ni ọ̀pọ̀ ará Gíríìsì ṣe ka Haiti sí orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó dá òmìnira wọn mọ̀. Ẹrú tó gba ara wọn sílẹ̀ ní 1804 ló dá Haiti sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn sì wọkọ̀ láti etíkun tiwa níbí, láti Ouidah àti àwọn èbúté tó yí i ká. Nago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Benin, ṣì wà níbẹ̀ títí dòní gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé òrìṣà kan, tí Ògún wà nínú rẹ̀.

Ìjà àsíà kò parí sí Nea Michaniona. Ní 2017, ní Dafni, ní ìgbèríko Athens, wọ́n ṣẹ́ gègé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ó mú ọmọ ọdún 11 kan tí àwọn òbí rẹ̀ sá wá láti Afghanistan. Nígbà tí ọjọ́ yíyan dé, pátákó orúkọ ilé ìwé ni wọ́n fún un, àsíà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, àwọn kan wá sọ òkúta lu ilé wọn lóru, wọ́n sì fi ìwé sílẹ̀ pé kí wọ́n padà sí abúlé wọn. Olórí ìjọba, Alexis Tsipras, ránṣẹ́ pe ọmọ náà, ó sì fún un ní àsíà kan.

Orúkọ Yorùbá tí a sọ ńkọ́? Ní ọdún 1991, tọkọtaya kan wọ Gíríìsì láti Èkó. Ọmọ Yorùbá ni ọkọ, Charles Adétòkunbọ̀, ọmọ Ígbò ni ìyàwó, Veronica. Sepolia ni wọ́n ń gbé, àdúgbò kan ní Athens. Ní oṣù Kejìlá 1994, wọ́n bí Giannis síbẹ̀. Òfin Gíríìsì, ẹ̀jẹ̀ òbí ló ń wò, kì í wo ilẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ sí. Nítorí náà ọmọ yìí dàgbà láìní ìwé orílẹ̀-èdè kankan, kò ní ti Gíríìsì, kò ní ti Nàìjíríà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kiri aago, báàgì àti awò ojú lójú pópó, bí wọ́n bá ṣe tán wọ́n á lọ gbá bọ́ọ̀lù alágbọ̀n. Oṣù Karùn-ún 2013 ni ìjọba tó fún un ní ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè, nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Milwaukee. Ní ọdún yẹn kan náà, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Golden Dawn bú u ní gbangba nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ti dájọ́ ní 2020 pé ẹgbẹ́ ọ̀daràn ni Golden Dawn.

Àwọn kan lára òǹkàwé wa ti bi wá pé orúkọ wo ni «Antetokounmpo». Bó ṣe di bẹ́ẹ̀ rèé. Alífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ohùn «d» tàbí «b» tiwa. «Nt» ni wọ́n fi ń kọ «d», «mp» ni wọ́n fi ń kọ «b». Wọ́n kọ Adétòkunbọ̀ ní lẹ́tà Gíríìkì, nígbà tí wọ́n sì ń ṣe ìwé ìrìnnà, wọ́n tún dá lẹ́tà náà padà sí ti Látìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jáde nìyẹn. Orúkọ yẹn ṣì jẹ́ adé tó ti òkun bọ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2024, ìdíje Òlíńpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Paris, orí ọkọ̀ lójú odò Seine ni àwọn orílẹ̀-èdè gbà wọlé. Gíríìsì ló máa ń ṣíwájú gbogbo orílẹ̀-èdè, torí ọ̀dọ̀ wọn ni Òlíńpíìkì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì ló gbé àsíà wọn: Antigoni Drisbioti, obìnrin tó ń díje nínú ìrìn, àti Giannis, ọmọ Adétòkunbọ̀. Charles kò sí láyé láti rí i, ó ti kú ní 2017.

Ọmọ àtìpó tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ní 2010, ìjọba ṣe òfin tó la ọ̀nà fún irú wọn láti di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e ní 2013. Wọ́n tún ṣe òmíràn ní 2015, èyí tó ń wo iye ọdún tí ọmọ ti lò ní ilé ìwé Gíríìsì, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ Albania ti gbà di onílùú. Ní ti àsíà, gègé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2017 kò pẹ́, ní 2019 ìjọba mìíràn dá a padà sí máàkì. Olùkọ́ á ṣí ìwé èsì ìdánwò, á wo ẹni tó wà lókè, á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ Papadopoulos, ìbáà jẹ́ Hoxha. Ọmọ náà á gbé àsíà láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ìdí òkúta ìrántí. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá àsíà padà sí ilé ìwé, òun náà á lọ bá àwọn òbí rẹ̀ nídìí ẹja.